Owó Bébà àti Ẹrú Inú Rẹ̀

Àwọn tí ń kó owó bébà àtijọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà jọ a máa sọ pé ọ̀ṣọ́ lásán ni àwòrán ara rẹ̀. Irọ́ ni! Ní 1862, ìjọba àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tí ó yapa kúrò lára Amẹ́ríkà tẹ owó ọgọ́rùn-ún dọ́là kan. Àwọn ẹrú tí ń roko òwú ni wọ́n yà sí àárín rẹ̀, John C. Calhoun, agbèjà oko ẹrú nígbà ayé rẹ̀, wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n kọ èlé rẹ̀ sí ojú rẹ̀: séǹtì méjì lójúmọ́. Òógùn ta ni a ó fi san èlé náà bí kò ṣe ti àwọn tí ń roko wọ̀nyí?

Ogun parí ní 1865, owó náà kú. Lónìí, dọ́là tòótọ́ ni wọ́n fi ń rà á.

Ẹlòmíràn ní kí a dáná sun ún. Èmi kò gbà. Ta ni yóò wá jẹ́rìí? N kò sọ pé ọmọ Bádágìrì ni wọ́n yà síbẹ̀ o. Brazil ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ ẹrú etíkun wa lọ. Ṣùgbọ́n owó ẹyọ wà lára ohun tí a fi ra ènìyàn níhìn-ín, ẹgbàá mẹ́wàá nínú ọ̀kẹ́ kan, òun náà ni a sì ń rán mọ́ fìlà kiri. Ṣé tiwa ni kò lẹ́jẹ̀ lára?

Kí a gbé owó Calhoun àti ọ̀kẹ́ ẹyọ kan sí ojú kan náà ní Bádágìrì, kí a kọ èlé rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀ gàdàgbà, kí àwọn ọmọ iléèwé fi ẹnu ara wọn kà á.