Àgbàbọ̀ Ṣòkòtò

Bí àwọn àgbà bá fẹ́ bá ẹni tó ń yá nǹkan kiri wí, wọ́n á ní: “Àgbàbọ̀ ṣòkòtò, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni, rẹ́múrẹ́mú lohun ẹni ń bá ni mu.” Ẹni tó bá ti bọ ṣòkòtò ẹlòmíì lọ òde ijó rí mọ ohun tí wọ́n ń wí. Bí kò bá jẹ́ pé ó ń fi ọwọ́ kan di ìdí rẹ̀ mú kó má baà já bọ́, á jẹ́ pé ó ń rìn bí ẹni tí eéwo mú nítan. Àwọn tó ń wòran lè má mọ̀. Ẹni tó bọ̀ ọ́ mọ̀.

Àbọ̀ àkọ́kọ́ òwe yìí ni ọ̀pọ̀ wa máa ń gbọ́. A ó ní àwọn àgbà kọ̀ fún wa láti gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ títí iṣẹ́ kan fi gbé mi dé ọ́fíìsì ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní Ìbàdàn. Áàpù kọ̀ǹpútà ló là mí lójú sí àbọ̀ kejì.

Ẹgbẹ́ náà ti ra áàpù kan tí wọ́n fi ń kọ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, owó tí kálukú fi pamọ́ àti èyí tó yá. Lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, obìnrin kan wá gba owó rẹ̀. Ìyá Akọ̀wé tẹ Ọ̀ṣúnlékè síbi ìwákiri, kọ̀ǹpútà ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ sì nìyí tó jókòó síwájú wa, tó di ìwé owó rẹ̀ mú. Ìyá Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í yí orúkọ lọ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lọ títí dé ìparí, ó bá orúkọ náà níbẹ̀ gbangba.

“Ṣé o rí nǹkan, ọmọ mi?” Ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀. “Ó wà níbẹ̀, ó tún ní kò sí.”

Ojú wa ń rí lẹ́tà, nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà ń rí. Unicode, ètò tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991, ló ń fún lẹ́tà àwọn èdè ayé ní nọ́ńbà. Ó fún ọ ní tirẹ̀, U+1ECD, ṣùgbọ́n kò fún ọ̀. Ńṣe la ó to lẹ́tà àti àmì pọ̀. Ẹnì kan á tẹ ọ, á fi àmì ohùn lé e lórí. Ẹlòmíì á tẹ ò, á fi àmì sí i nídìí. Ẹlòmíì á tẹ o lásán, á wá to àmì méjèèjì tẹ̀ lé e, bóyá tòkè ló kọ́kọ́ tẹ̀ tàbí tìsàlẹ̀. Ọ̀nà mẹ́rin nìyẹn. Ojú ò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ orúkọ obìnrin yẹn sílẹ̀ gba ọ̀nà kan, Ìyá Akọ̀wé gba òmíràn, áàpù náà sì ka orúkọ kan sí méjì.

Nígbà tí mo tọpa ọ̀rọ̀ náà dé tábìlì Unicode, ẹ̀rín pa mí. Àárín àwọn lẹ́tà tí wọ́n tò fún èdè Vietnam ni ẹ àti ọ wà. Lọ́dọ̀ àwọn ará Vietnam, àmì ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni àmì ohùn. Ẹni tó ti fi ohùn sísàlẹ̀ kò tún ní ohùn míì láti fi sókè, ìdí nìyẹn tí a kò fi rí ẹ́ àti ọ̀ níbẹ̀ ní odindi. Àṣé ṣòkòtò ará Vietnam la ti ń bọ̀ láti ọjọ́ yìí, ibi ohùn ló ti fún wa!

Títò orúkọ náà ò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ábídí wa, gb jẹ́ lẹ́tà kan gedegbe tó ń tẹ̀ lé g. Áàpù yẹn há a sáàárín Ga àti Ge. Ní ti àwọn orúkọ tó fi Ọ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn Z ló lọ kó wọn sí, ẹ̀yìn lẹ́tà tí Yorùbá ò ní rárá. Ìdí nìyẹn tí Ìyá Akọ̀wé fi rìn dé ìparí kó tó rí ohun tó ń wá.

Mo pe ẹni tó ta áàpù náà fún wọn. Ó ní bó ṣe wà nìyẹn, kò sóhun tí òun lè ṣe sí i. Irọ́ kọ́ ló pa. Áàpù tí a rà dà bí ṣòkòtò tí wọ́n ti rán tán, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ gbogbo ojú ìrán rẹ̀ pa. Kóòdù, ìyẹn àwọn àṣẹ tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ tí èèyàn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì lè kà, ni aṣọ tí wọ́n gé. Wọ́n ti yí kóòdù náà padà sí nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà nìkan gbọ́, ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é sì ni ojúlówó rẹ̀ wà. Ẹni tó tà á pàápàá, àgbàbọ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹjọ́ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Nígbà tí Richard Stallman ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, ó ti tún kóòdù pírìntà wọn àtijọ́ ṣe débi pé bí bébà bá há, ẹ̀rọ náà á ránṣẹ́ sí àwọn tó ń dúró de ìwé wọn. Tuntun dé láti ọ̀dọ̀ Xerox, kóòdù rẹ̀ ò bá a wá. Bébà ń há, Stallman ń wò ó. Ó lọ bá ẹnì kan tó ní kóòdù náà lọ́wọ́. Ẹni yẹn ní òun ti ṣèlérí pé òun ò ní fún ẹnikẹ́ni. Ní 1983 Stallman kéde iṣẹ́ GNU, kí àwọn èèyàn lè ní áàpù tí kóòdù rẹ̀ ò pa mọ́. Ní 1989 ìwé àṣẹ GPL jáde: lò ó, kà á, tún un ṣe, fún ẹlòmíì, ṣùgbọ́n bí o bá fún un ní èyí tí o ti rán, má fi aṣọ rẹ̀ dù ú.

Irú áàpù bẹ́ẹ̀ la wá kiri, a sì rí ọ̀kan tí wọ́n fi Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, kọ. Mo gba kóòdù rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ìyá Akọ̀wé ní: “Ṣé kì í ṣe pé a tún lọ gba ṣòkòtò míì nìyí?” Ìbéèrè yẹn lágbára. Mo ní: “Rárá o, mà. Aṣọ la gbà lọ́tẹ̀ yìí.”

Télọ̀ tó mọṣẹ́ kì í gbé àlùmọ́gàjí kó tó gbé téèpù. Mi ò fọwọ́ kan ìlà kan nínú kóòdù náà títí mo fi gbé e dìde bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe fi í sílẹ̀. Ìyẹn nìkan gbà mí lọ́jọ́ mẹ́ta, nítorí kóòdù kan ń gbára lé kóòdù míì, bí ọ̀kan bá sì jẹ́ tuntun ju bí wọ́n ṣe ń fẹ́ lọ, gbogbo rẹ̀ á dúró gbagidi. Nígbà tó dìde tán, ohun tó mú mi lọ síbẹ̀ ò ju ìlà mélòó kan lọ: orúkọ tó bá wọlé àti orúkọ tí wọ́n bá ń wá, kí áàpù kọ́kọ́ sọ méjèèjì di ẹyọ ọ̀nà kan ṣoṣo nínú mẹ́rin yẹn. NFC ni wọ́n ń pe ìlànà náà, Python sì ti ní in nínú. Lẹ́yìn náà ni mo to ábídí wa fún un, a, b, d, e, ẹ, tí ẹnikẹ́ni ò fi ní lọ jókòó sẹ́yìn Z mọ́.

Mo fi áàpù kan tó ń jẹ́ PyInstaller dì í di fáìlì kan tí èèyàn lè tẹ̀ kó ṣí. Ó ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mi. Mo gbé e dé ọ́fíìsì, kọ̀ǹpútà Ìyá Akọ̀wé kọ̀ ọ́. Windows àtijọ́ onírú 32-bit ló wà lórí tirẹ̀, èmi sì ti di tèmi fún 64-bit. Ara mi ni mo wọn ṣòkòtò oníṣòkòtò sí! Mo tún un dì. Ó ṣí fún Ìyá Akọ̀wé, kò lè fi nǹkan pamọ́ fún akápò, torí pé inú fódà tí Windows kì í jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá kọ nǹkan sí ni mo gbé àkọsílẹ̀ sí. Mo ṣí i lọ síbòmíì. Rẹ́múrẹ́mú inú òwe yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan. Wíwọ̀ wò, títú, wíwọ̀ wò ni.

Ohun ẹni sì ní ẹrù tirẹ̀. Ṣòkòtò àyálò, bó bá ya, a ó dá a padà pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Tẹni, a ó lẹ̀ ẹ́. Bí àwọn tó kọ áàpù náà bá rí ihò kan tí olè lè gbà wọlé, tí wọ́n dí i, àwa la ó lọ mú àtúnṣe náà wá, ká rán an mọ́ tiwa. Ìyá Akọ̀wé ti rò ó kọjá ibi tí mo rò ó dé: “Bí o bá ti lọ ńkọ́?” Mo jókòó ti ọmọdébìnrin tó ń ràn án lọ́wọ́, mo káwọ́ mi sẹ́yìn, títí ó fi fọwọ́ ara rẹ̀ gbé gbogbo rẹ̀ dìde láti orí kóòdù.

Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ mìíràn gbọ́, alága wọn gbé fíláàṣì wá. Ó ní ká sáà fún òun ní fáìlì tó ń ṣí yẹn, ó ti tó. Mo bi í bí wọ́n ṣe ń dáwó. Ó ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Oṣooṣù ni ti ẹgbẹ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe áàpù náà. Mo ń wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi ṣàlàyé, Ìyá Akọ̀wé ti gba fíláàṣì lọ́wọ́ ọkùnrin náà.

“Ẹ má gba èyí tí wọ́n ti rán, sà,” ó ní. “Ẹ gba aṣọ rẹ̀.”