Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Gbọ́ Ara Wọn: Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Oǹdó

Ẹ̀yin aṣòfin wa ní Àkúrẹ́, ìbéèrè kan la gbé wá. Bí àwọn ajínigbé bá dá ọkọ̀ dúró lọ́nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó lálẹ́ òní, ṣé ọlọ́pàá Oǹdó lè gbọ́ ohùn Àmọ̀tẹ́kùn tó ń lé wọn bọ̀ láti Ọ̀wẹnà lójú ẹsẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnì kan kọ́kọ́ ń wá nọ́ńbà ẹnì kejì nínú fóònù? Rédíò tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, tí ọ̀daràn kò sì ní lè tẹ́tí sí, la ń béèrè.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje, 2019, wọ́n pa Arábìnrin Fúnkẹ́ Ọlákùnrin, ọmọ Bàbá Fáṣọ̀ràntì, olórí ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re nígbà náà, lójú ọ̀nà Oǹdó sí Ọ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá, 2020, wọ́n pa Olúfọ́n ti ìlú Ìfọ́n, Ọba Adégòkè Adéùsì, bí Kábíyèsí ṣe ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ wálé. A kò sọ pé rédíò nìkan ni ì bá gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣọṣẹ́ lójú títì lè ti wọ Ẹdó tàbí Ògùn kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn gbọ́dọ̀ yá jù ú lọ.

Abala 214 nínú ìwé òfin 1999 ní ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni Nàìjíríà ní, Àbújá ló sì ń darí rẹ̀. Àmọ̀tẹ́kùn, tí wọ́n ṣí ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní, 2020, ti ìpínlẹ̀ ni. Sójà lọ́tọ̀, Sífú Dìfẹ́ǹsì lọ́tọ̀. Níbi tí àpò owó bá ti pín báyìí, rédíò náà á pín, àfi bí òfin bá dá sí i.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé fóònù ti tó. Ní oṣù Kẹsàn-án, 2021, ìjọba pàṣẹ kí wọ́n pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ní Ìpínlẹ̀ Zamfara nítorí àwọn agbébọn. Òṣìṣẹ́ ààbò tó fi fóònù ṣe rédíò, irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni etí rẹ̀ á di.

Rédíò lásán tí kò ní kọ́kọ́rọ́ tó ń ti ọ̀rọ̀ pa mọ́ àjèjì náà léwu. Ẹnikẹ́ni tó bá ra wọkí-tọ́kì olówó pọ́ọ́kú, tó yí i sí ojú ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, á gbọ́ ọ̀nà tí Àmọ̀tẹ́kùn fẹ́ gbà wọ igbó Àlà. Síbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ju kọ́kọ́rọ́ lọ. Ní 2011, Matt Blaze àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Pennsylvania tẹ́tí sí rédíò àwọn agbófinró ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí geere. Bọ́tìnnì kékeré kan ló ń ti ọ̀rọ̀ pa, àmì ara rẹ̀ kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí ẹnì kan bá gbàgbé rẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ ọ lọ́hùn-ún kò ní fura rárá, torí rédíò tirẹ̀ ń gba èyí tó tì àti èyí tó ṣí bákan náà. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ kí títì jẹ́ ìṣe rédíò láti ilé iṣẹ́ wá, kí ó má dúró de ìka ẹni tí ìbọn ń dún sí.

Ní 2023 ẹ̀wẹ̀, àwọn ọmọ Netherlands kan tú àṣírí TEA1, ọ̀kan nínú kọ́kọ́rọ́ TETRA, irú rédíò kan tí àwọn agbófinró ń lò. Wọ́n polówó rẹ̀ bí kọ́kọ́rọ́ bíìtì 80, ṣùgbọ́n 32 péré ló ń ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ojoojúmọ́ lè já a. Ó lé ní 20 ọdún tí wọ́n fi ìlànà rẹ̀ pamọ́. Ẹ ra èyí tí gbogbo ayé ti yẹ̀ wò, bí AES, kí ẹ má ra èyí tí olùtajà ní kí ẹ ṣáà gba òun gbọ́.

Ta ni yóò di kọ́kọ́rọ́ náà mú? Ibẹ̀ ni ìjà máa wà. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan pa ojú ìsọ̀rọ̀ tirẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n ní ọ̀kan tí gbogbo wọn jọ ń lò, kí ọlọ́pàá kan àti Àmọ̀tẹ́kùn kan jọ máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nínú yàrá kan ní Àkúrẹ́. Bí rédíò kan bá sọnù, kí wọ́n pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n sì máa gba ohùn sílẹ̀, kí adájọ́ lè pè fún un. Lẹ́yìn ìwọ́de EndSARS tí wọ́n fi tako ìwà ìkà ọlọ́pàá ní 2020, kò sí ẹni tó lè ní kí ará ìlú má bẹ̀rù ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ láàrin agbófinró.

Ti owó: ní 2010, ìjọba àpapọ̀ bá ilé iṣẹ́ ZTE ti Ṣáínà ṣàdéhùn 470 mílíọ̀nù dọ́là fún ètò ìbánisọ̀rọ̀ ààbò, ìlò rẹ̀ kò sì bá owó náà mu. Tiwa kò tó bẹ́ẹ̀. Òkè Ìdànrè ga tó láti gbé ẹ̀rọ tó ń tari ohùn síwájú, pẹ̀lú sólà àti bátìrì.

Nítorí náà, kí ẹ tó buwọ́ lu owó rédíò tuntun kankan, ẹ ní kí olùtajà gbé tirẹ̀ wá sí Ọ̀wẹnà. Kí ọlọ́pàá Oǹdó àti Àmọ̀tẹ́kùn Àkúrẹ́ fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ní títì, lójú yín. Bí wọn kò bá gbọ́ra, kí ó kó o padà.