Ẹ yé ju òkò sí lékelèke tìtorí fọ́tò

1/ Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Irú fídíò kan wà tẹ́ ẹ fẹ́ràn gan-an: ọkọ̀ ojú omi á sáré wọ àárín ọ̀wọ́ lékelèke lórí ọ̀sà, ẹnì kan á máa pàtẹ́wọ́, gbogbo ẹyẹ á fò gìrì. Wọ́n á wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀: "Ẹwà ìṣẹ̀dá." Ẹwà wo? Ìpayà lẹ yà yẹn.

2/ Mò ń ya ẹyẹ omi, ó wà lára iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun. Oníbàárà kan ní kí n fún ọmọ ọlọ́kọ̀ lówó kó sọ òkò, kí "action" lè wà nínú fọ́tò. Mo ní rárá. Ó gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì. Owó yẹn dùn mí o, àmọ́ rárá náà ni mo ṣì ń sọ.

3/ "Ẹyẹ ṣáà ni, á padà wá." Ẹ gbọ́: ẹyẹ tó dúró létí omi, oúnjẹ ló ń wá. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá lé e, agbára tó yẹ kó fi wá oúnjẹ lẹ ń bá a ná dànù.

4/ Ti ìtẹ́ tún burú jù. Lékelèke máa ń kọ́ ìtẹ́ pọ̀ sórí igi kan náà ni. Tí ìyá àti bàbá bá sá lọ, oòrùn á máa pa ọmọ tí kò tíì hu ìyẹ́, àwòdì á sì ráyè. Ṣé iye "like" yẹn tó bẹ́ẹ̀?

5/ Àlejò tún wà láàárín wọn. Common sandpiper, ẹyẹ kékeré tó máa ń jo ìdí létí omi, láti Yúróòpù ló ti ń fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà wá sá fún òtútù lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó rin irú ìrìn yẹn, òkò lẹ fẹ́ fi kí i káàbọ̀?

6/ Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi àánú sílẹ̀, ká sọ ti iṣẹ́. Fọ́tò yẹn gan-an kò dáa! Ẹyẹ tó ń sá fún yín, ìdí ló kọ sí yín. Kò sí ojú, kò sí ẹnu, ìrù nìkan.

7/ Ẹyẹ máa ń kọjú sí afẹ́fẹ́ tó bá fẹ́ gbéra tàbí tó bá fẹ́ bà. Torí náà, ẹ kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, kí oòrùn àárọ̀ náà wà lẹ́yìn yín. Ẹ dákẹ́. Fúnra rẹ̀ ló máa fò bọ̀ lọ́dọ̀ yín.

8/ Shutter 1/2000, autofocus tó ń tẹ̀ lé nǹkan tó ń rìn. Lékelèke funfun gan-an, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀ kí ìyẹ́ rẹ̀ má baà fọ́. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ láti 400mm, ẹ ò ní rí ẹyẹ kankan. Ẹ wá a ní 200mm, ẹ tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ tó zoom.

9/ "Lẹ́ǹsì mi ò gùn tó." 70-300mm àlòkù ti tó bẹ̀rẹ̀. Fóònù lẹ ní? Ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí lékelèke ń wọ́ lọ sí ibi tí wọ́n ń sùn. Ojoojúmọ́ ni, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sábà máa ń gbà. Ta ló lé wọn? Kò sẹ́nì kankan.

10/ Gbogbo wa la na ọwọ́ sókè sí lékelèke ní kékeré pé kó fún wa ní èékánná funfun. A ò sọ òkò nígbà yẹn, a bẹ̀ ẹ́ ni.

11/ Àwọn àgbà ní ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí òkò yẹn ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá tún rí irú fídíò bẹ́ẹ̀, ẹ má fún un ní "like". Ìbéèrè kan péré ni kẹ́ ẹ kọ sábẹ́ ẹ̀: ta ló lé wọn?