Igbó Ìsẹ̀ Ti Di Erékùṣù: Àwọn Ará Ìlú Ló Lè Gbà Á Là

Bí a bá dárúkọ erékùṣù, ilẹ̀ tí omi yí ká ni ọkàn ènìyàn máa ń lọ sí. Ṣùgbọ́n igbó Ìsẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkìtì ti di erékùṣù láìsí omi, nítorí oko ló yí i ká. Àwọn ìnàkí tó kù síbẹ̀ kò rí ọ̀nà gbà dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ wọn nínú igbó mìíràn. Abo ìnàkí sì máa ń lò tó ọdún márùn-ún kó tó tún bímọ. Bí ọdẹ bá yìnbọn pa ẹyọ kan ṣoṣo, àdánù náà kì í tán bọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ yìí ni Arábìnrin Rachel Ashegbofe Ikemeh, onímọ̀ nípa ẹranko igbó, gbé dání. Òun ló ń darí àjọ SW/Niger Delta Forest Project. Lọ́dún 2020, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Whitley ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí àwọn ìnàkí ilẹ̀ Yorùbá wọ̀nyí. Kò fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún òfin ìjọba; láàárín àwọn ará ìlú tó múlé gbe igbó ni wọ́n ti ń gba àwọn ẹ̀ṣọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń bá àwọn ará Apoi ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Bayelsa, nínú igbó àbàtà tí ẹdun pupa kan ń gbé. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn láyé tí a ti lè rí ẹdun yìí.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Onímọ̀ ló lè ka iye ẹranko; ọdẹ ló mọ ibi tí wọ́n ń sùn. Ṣùgbọ́n ọdẹ tí a ní kó gbé ìbọn sílẹ̀ ní ọmọ tí yóò bọ́. Owó ẹ̀bùn a máa tán, owó oṣù ẹ̀ṣọ́ kì í tán. Bí ìjọba kò bá fi í sínú ètò ìnáwó ọdọọdún, ebi ni yóò dá ọdẹ padà sínú igbó.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọgbà ẹranko Ọ̀yọ́ Ilé, tí ìjọba àpapọ̀ sọ di tirẹ̀ lọ́dún 1991, fẹ̀ ju kìlómítà 2,500 lọ níbùú lóòró. Ẹ̀ṣọ́ kò lè pọ̀ títí kí wọ́n ṣọ́ ọ tán bí àwọn abúlé àyíká kò bá fọwọ́ sí i. Kí àwọn ọmọ wa tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní LAUTECH, ní Under G, má ṣe ka ìwé nìkan. Kí wọ́n lọ jókòó ti àwọn ọdẹ. Kí ìjọba náà sì bi àwọn abúlé wọ̀nyí léèrè ohun tí wọn yóò máa jẹ, kó tó sọ fún wọn pé kí wọ́n má pa ẹranko mọ́.