Ahọ́n Tí Kò Ní Ìjánu

Ẹ̀yin ará wa, ẹ wo ìdí tábìlì àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Maryland ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó pé jọ síbẹ̀ kò ra ìwé kankan. Àkọlé iwájú nìkan ni wọ́n ń kà, òun náà ni wọ́n sì fi ń dájọ́.

A kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ivory Coast fi góòlù 2 sí 1 borí Nàìjíríà ní Abidjan ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2024, èèyàn 11 ló bẹ̀rẹ̀ eré náà fún wa, Alex Iwobi ni irú àwọn wọ̀nyí di ẹrù lé lórí. Èébú náà pọ̀ débi pé ó pa àwọn àwòrán rẹ̀ rẹ́ lórí Instagram, Ahmed Musa sì ní láti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣíwọ́. Ṣé eré nìyẹn?

Kí bọ́ọ̀sì tó dé, ẹnu kan náà ti yí sí ọ̀rọ̀ ìjọba: owó epo, owó dọ́là, ta ni olè. Ẹ bi wọ́n níbi tí wọ́n ti gbọ́ ọ. "Wọ́n ní" ni ẹ ó gbọ́. Ǹjẹ́ "wọ́n ní" tó ṣe ẹlẹ́rìí?

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ìpínlẹ̀ Èkó lé ní mílíọ̀nù 7. Àwọn tó dìbò kò tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀. (A mọ̀ pé wọ́n fi ipá lé àwọn kan padà, a kò bá àwọn yẹn wí.) Níbo ni àwọn adájọ́ ìdí tábìlì wà lọ́jọ́ náà?