Ìwúkàrà Lábẹ́ Awò

 

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe mi. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́, tó ti wọ yunifásítì báyìí, rí iṣẹ́ ìgbà ìsinmi ní yàrá ìwádìí kan. Ìyá rẹ̀ àgbà pè é láti Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n ní, “Ọkọ mi, kí ni wọ́n ní o ń ṣe níbẹ̀?” Ọmọ náà ní, “Mo ń wo yeast, Màmá.” Ìyá àgbà ní, “Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?” Ọmọ ò rí nǹkan sọ mọ́. Nígbà tó di Sátidé, ó wá bá mi: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo ni mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn?” Èmi olùkọ́ Yorùbá dáhùn pé, “Fi ìyẹn sílẹ̀, kò sí Yorùbá rẹ̀.”

Mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí Yorùbá rẹ̀ wà. Inú Bíbélì ìyá mi ni mo ti kọ́kọ́ kà á: ìwúkàrà. Ní Sátidé kejì, mo ní kí ọmọ náà jókòó, kó ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún mi, kí àwa méjèèjì jọ wá Yorùbá rẹ̀. Ohun tí a rí nìyí.

Ìwúkàrà ni ẹ̀dá kékeré tó ń mú kí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí a pò wú. Òun náà ló ń mú kí ẹmu máa hó, tí ẹmu tó dùn láàárọ̀ fi máa ń le bó bá di ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá to 200 wọn sórí ìlà kan, gígùn ìlà náà kò ju bíi mìlímítà 1 lọ. Síbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jọ tiwa lọ́pọ̀lọpọ̀ ọ̀nà. Inú sẹ́ẹ̀lì yìí ni jíìnì wà, ìyẹn ìlànà tí ẹ̀dá ń jogún, tó ń sọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì yóò ṣe. Ní ọdún 1996, àwọn onímọ̀ parí kíka ìlànà ìwúkàrà látòkè délẹ̀. Jíìnì rẹ̀ tó nǹkan bíi 6,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ní ìbátan nínú ara ènìyàn.

Báwo ni a ṣe máa mọ iṣẹ́ tí jíìnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe? Ẹ rántí bí a ṣe ń dáná àríyá òpin ọdún wa. Bí ẹni tó ń gé àlùbọ́sà kò bá wá, ọbẹ̀ á pẹ́. Bí ẹni tó ń pọnmi kò bá wá, ìrẹsì ò ní jinná. Àìsí ẹnìkan ló ń fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ṣe ń yọ jíìnì kan ṣoṣo kúrò lára ìwúkàrà, tí wọ́n á wá wo ohun tó yí padà.

Ojú ni wọ́n fi ń wò ó tẹ́lẹ̀. Yoshinori Ohsumi, ará Jàpáàn, fi ebi pa ìwúkàrà, ó sì tẹjú mọ́ maikirosikóòpù, ó ń wo bí sẹ́ẹ̀lì tí ebi ń pa ṣe ń tú nǹkan inú ara rẹ̀ láti fi ṣe oúnjẹ. Ní ọdún 1993, lẹ́yìn tí òun àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti yẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún wò, wọ́n kéde jíìnì 15 tó ń darí iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ yìí ló gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní ọdún 2016.

Lónìí, níbí ní Toronto, àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Brenda Andrews àti Charles Boone pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní yunifásítì ń lo rọ́bọ́ọ̀tì. Rọ́bọ́ọ̀tì ń pín oríṣiríṣi ìwúkàrà sínú àwo oníhò 384: ìlà 16, ihò 24 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ṣírò ó wò. Maikirosikóòpù á máa lọ láti ihò dé ihò fúnra rẹ̀, á máa ya àwòrán. Kí nǹkan inú sẹ́ẹ̀lì lè hàn, wọ́n ń so ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé mọ́ ọn, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí lára jellyfish, ẹ̀dá òkun kan tí ara rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù.

Ta ni yóò wá wo gbogbo àwòrán náà tán? Kọ̀ǹpútà ni. Ṣùgbọ́n ènìyàn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́ ọ, kó mú àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan, kó máa sọ pé: “Èyí dára. Èyí ti tóbi jù. Àárín sẹ́ẹ̀lì ni ìmọ́lẹ̀ èyí wà, etí ni tèyí wà.” Iṣẹ́ tí ọmọ wa ń ṣe nìyẹn. Ó ní ọ̀gá òun kìlọ̀ pé bí òun bá fi orúkọ tí kò tọ́ pe àwòrán, kọ̀ǹpútà á gbà á gbọ́, á sì máa ṣe àṣìṣe kan náà lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán mìíràn.

Ọ̀rọ̀ yìí gún mi lọ́kàn. Ṣé kì í ṣe ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn? Mo sọ fún ọmọ pé “kò sí Yorùbá rẹ̀.” Bí mo bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò sọ ọ́ fún ọmọ tirẹ̀ náà, títí èdè wa yóò fi di ti ìkíni àti oúnjẹ nìkan. Lóòótọ́, a yá jíìnì, a yá rọ́bọ́ọ̀tì, bí àwọn bàbá wa ti yá búrẹ́dì. Ẹni tó yá ọ̀rọ̀ kò jalè. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá bi yín ní ohun tí ẹ ò mọ Yorùbá rẹ̀, ẹ má sọ pé kò sí. Ẹ ní, “Jẹ́ ká jọ wá a.”

Ọmọ náà ti pe ìyá rẹ̀ àgbà padà. Wọ́n gbọ́ ọ yé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ohun tó ń hó nínú akèǹgbè bàbá rẹ àgbà ni òyìnbó wá ń fi awò ńlá wò!”

Iṣẹ́ àṣetiléwá: Ẹ bu ìwúkàrà ṣíbí kan àti ṣúgà díẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ fi gbólóhùn márùn-ún sọ ohun tí ẹ rí fún àgbàlagbà kan nílé. Ẹ lo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí: wú, hó, pò, yọ, yẹ̀ wò.

Ó di Sátidé o.