Fọ́tò Kò Lè Sọ Bí Kọnkéré Ṣe Lágbára Tó

Ní alẹ́ ọjọ́ 7, oṣù Keje, ọdún 2021, àpótí ẹrù kan bú gbàmù nínú ọkọ̀ ojú omi Ocean Trader ní èbúté Jebel Ali. Ilé mì títí dé àwọn àdúgbò tó jìnnà ní Dubai. Àwọn panápaná kápá iná náà, àwọn aláṣẹ sì sọ pé kò sí ẹni tó bá a lọ. Fún àwa ọmọ Yorùbá tí a ń kàwé níbí, ìbéèrè kan ṣì wà nílẹ̀: kí ni wọ́n fi po kọnkéré tó wà lórí wa?

Ìbéèrè náà ti wá le sí i, nítorí kọnkéré tuntun lè jẹ́ ọmọ kọnkéré àtijọ́. Ní Sharjah tó múlé gbe wá, ilé iṣẹ́ Bee'ah ń kó àwókù ilé, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n sì ń sọ ọ́ di òkúta wẹ́wẹ́ fún ojú ọ̀nà. Ọgbọ́n gidi ni. Iyanrìn aṣálẹ̀ tó kún ilẹ̀ yìí kúnná jù fún kọnkéré, òkúta sì ní láti ti orí òkè wá.

Àmọ́ òkúta àwókù ní sìmẹ́ńtì àtijọ́ lára, èyí tó ń mu omi bíi kànrìnkàn. Bí wọn kò bá kọ́kọ́ rẹ ẹ́, kọnkéré á gbẹ lójijì. Bí wọ́n bá sì kàn bu omi kún un, kò ní lágbára. Ibẹ̀ ni fọ́nrán ti wúlò. (Kì í ṣe ohun tuntun: ẹ rántí koríko tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ń wá kiri fún bíríkì ní Íjíbítì.) Lọ́dún 2019, àwọn olùwádìí ní United Arab Emirates University, Al Ain, gbé iṣẹ́ jáde lórí kọnkéré tí wọ́n fi òkúta àwókù, iyanrìn aṣálẹ̀ àti fọ́nrán irin pò. Fọ́nrán náà dá ọ̀pọ̀ nínú agbára tó ti sọnù padà.

Ti iná yàtọ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà ilé kíkọ́ Yúróòpù, bí kọnkéré olókùúta akọ bá gbóná dé 600 dígírì, agbára tó kù jẹ́ 45 nínú 100. Ní 800, ó ku 15. Kó tó débẹ̀, omi inú rẹ̀ á ti di oru, bí oru náà kò bá sì rí ọ̀nà, á ya ojú kọnkéré dànù. Ó ṣẹlẹ̀ lóṣù Kọkànlá ọdún 1996 nínú ihò ojú irin tó gba abẹ́ òkun láàárín England àti France. Fọ́nrán polypropylene, irú ọ̀rá tí wọ́n fi ń hun àpò ìrẹsì, máa ń yọ́ ní nǹkan bíi 165 dígírì, á sì fi ihò tín-ín-rín sílẹ̀ kí oru lè gbà á jáde. Ohun tó yọ́ ló gba ilé là. Èyí kò ní kí ẹnikẹ́ni yọ irin rọ́ọ̀dù kúrò o.

Kí ló kàn wá? Àwọn òbí wa ń kọ́lé sílé. Fọ́tò ń wọlé sórí WhatsApp: òpó ti dúró, dẹ́kìn ti parí. Bàbá á wò ó, wọ́n á fi owó ránṣẹ́. Ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ ní Gerrard Road, Ìkòyí, wó ní ọjọ́ 1, oṣù Kọkànlá, ọdún 2021. Àwọn tó kú lé ní 40.

Àwọn kan nínú wa ní kí wọ́n má lo àwókù rárá ní Nàìjíríà. A kò gbà. Ó ti pẹ́ tí àwókù ti ń wọ ìpìlẹ̀ ilé níbẹ̀. Kí wọ́n lò ó ní gbangba, pẹ̀lú fọ́nrán àti ìdánwò, ló sàn. Wọ́n á bu kọnkéré sínú àpótí irin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 150 mìlímítà, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ fọ́ ní ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 28. Lagos State Materials Testing Laboratory ń ṣe é. Ìdánwò ti iná wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó fẹ́ ta kọnkéré àwókù fún ilé alájà ni kó san án, kì í ṣe onílé.

Bí fọ́tò mìíràn bá wọlé, kí a bá bàbá béèrè èsì ọjọ́ 28 kí owó tó lọ. Bíríkìlà lè bínú. Ẹ̀gbọ́n tó ń bójú tó ilé náà lè ní àwọn ọmọ òkè òkun ti dé. Kí a ṣáà dọ̀bálẹ̀, kí a kúnlẹ̀, kí a sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́.